Ọjọ́ Tí Ilé Ìgbẹ̀bí Wa Mọ́

Awakọ̀ òyìnbó aláàánú tó lọ wo ilé ìgbẹ̀bí ìlú wa ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ẹnu géètì ọ́fíìsì wọn ní Àjàó Estate ni mo ti bá a, ó ń fi omi fọ ìgbẹ́ ẹran kúrò nínú búùtù mọ́tò. Mo bi í pé báwo ni ìrìn àjò.

“Ọ̀gá oníwèé ìròyìn,” ó ní, “àgbò tí àwọn ará ilé yín fún wa ké láti ọ̀hún títí a fi dé Ìbàdàn. Ọ̀gá mi ò sọ nǹkan kan. Àgbò nìkan ló ń sọ̀rọ̀ nínú mọ́tò.”

Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Ọdún tí owó epo ń gun ìlú bí ọtí ni. Ìjọba ti fi kún owó oṣù, ó sì san ti àwọn oṣù tó ti kọjá pọ̀ mọ́ ọn. Ìdílé mẹ́jọ la wà nínú ilé tí mo ti háyà yàrá kan ní Ìsọlọ̀. Olùkọ́ ará Èkìtì tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi ra fíríìjì kó tó ra àga tó máa jókòó lé. Akọ̀wé ìjọba tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ra gírámafóònù, ó sì gbé e sẹ́nu ọ̀nà kí gbogbo wa lè mọ̀ pé ó ti rà á. Ilé iṣẹ́ tuntun ń hù lẹ́bàá ọ̀nà láti Ọ̀ṣòdì wá, àwọn ọ̀dọ́ sì ń dé lójoojúmọ́ láti ọ̀nà Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun pẹ̀lú àpótí onípáànù lórí wọn. Ẹni tó bá ní òun kò rówó lọ́dún náà, bí ọ̀lẹ ni wọ́n ń wò ó.

Ní irú ọdún bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Ẹgbẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Ọ̀ṣòdì, tó wá tọrọ.

Ìyá Ẹgbẹ́ ni gbogbo ìlú wa ń pè é, nítorí òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá tó kọ́ ilé ìgbẹ̀bí síbẹ̀. Ìlú kékeré ni ìlú wa, ìlú tí ọkọ̀ ojú irin máa ń dúró fún bí ẹni tó fẹ́ húkọ́ lásán, tí yóò sì tún máa lọ. Ọ̀rẹ́ ìyá mi olóògbé ni obìnrin náà. Àkọ́bí rẹ̀ kú nínú ọkọ̀ akẹ́rù lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn, tòun ti oyún. Láti ọjọ́ náà ló ti ń kó àwọn obìnrin jọ. Wọ́n ta epo pupa, wọ́n ta gààrí, wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn po amọ̀ ilé náà, wọ́n sì wá agbẹ̀bí kan tó kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ńlá wá láti Èkìtì.

Agbẹ̀bí yìí ló fẹ́ lọ. Ó sọ fún wọn láìfọ̀rọ̀ pamọ́ pé: “Màmá, mo fẹ́ràn yín, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni mò ń sùn. Ẹni tó ń rọbí ń gbọ́ mi bí mo ṣe ń yí lórí ẹní, èmi náà ń gbọ́ ọ. Bí òjò bá tún bẹ̀rẹ̀ tí n ò ní yàrá tó ní ilẹ̀kùn, mo ń lọ sí Èkó.” Bó bá lọ, ilé ìgbẹ̀bí ti parí nìyẹn, ojú ọ̀nà tó pa àkọ́bí Ìyá Ẹgbẹ́ ni gbogbo aláboyún yóò tún máa gbà.

“Ọmọ mi,” Ìyá Ẹgbẹ́ ní, kó tó gbé ẹrù kalẹ̀ nínú yàrá mi, “ìwọ lo mọ ilẹ̀kùn àwọn olówó. Bá wa kàn án.”

Oníròyìn mọ ilẹ̀kùn lóòótọ́. Ohun tí àwọn ará ilé kò mọ̀ ni pé ẹnu ilẹ̀kùn náà ni wọ́n máa ń dá a dúró sí.

Ilẹ̀kùn àwọn tiwa ni mo kọ́kọ́ kàn. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa máa ń pàdé ní kíláàsì ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ọ̀ṣòdì, ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi tó gbẹ̀yìn oṣù. Àgbà ọkùnrin tó wọ agbádá ni wọ́n, wọ́n há ara wọn sórí bẹ́ǹṣì ọmọdé, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ìyá Ẹgbẹ́ dúró níwájú pátákó ìkọ̀wé, ó sì sọ ohun tó bá wá.

Alága wọn, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ń kó ẹrù sí ní pápákọ̀ òfuurufú, dá a lóhùn. “Màmá, a ti gbọ́. Ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn ìlú la fẹ́ kọ́, èyí tó ní aago lórí. Tí gómìnà ológun bá ń kọjá lọ, kí ló máa rí? Ilé ìgbẹ̀bí?”

“Àwa ò kúkú ń bímọ!” ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

“Lóòótọ́, ẹ ò ń bímọ,” Ìyá Ẹgbẹ́ ní. “Àwọn tó bí yín ló ń bẹ̀ yín.”

Lẹ́yìn náà ni ẹlòmíràn dìde. “Màmá, ẹ má bínú. Ilẹ̀ yìí ti lówó. Ìjọba gan-an ò mọ ohun tó máa fi owó ṣe mọ́. Ẹ lọ bá ìjọba.”

“Mo ti lọ. Ọ́fíìsì mẹ́ta ní Ìbàdàn. Ẹni àkọ́kọ́ ní kí n lọ bá ẹnì kejì, ẹnì kejì ní kí n lọ bá ẹnì kẹta, ẹnì kẹta bi mí pé ta ló ní kí n wá.”

Wọ́n ní àwọn máa rò ó. Wọ́n kọrin ìlú, a sì túká.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi sórí tábìlì. Mo mọ̀ pé ẹgbẹ́ aláàánú kan láti òkè òkun ní ọ́fíìsì ní Àjàó Estate, mo sì fẹ́ kọ irú lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni kò lè kà tán kó sọ pé rárá. Ìyá Ẹgbẹ́ jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì mi, ó ń sọ, mo ń fi Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ ẹ́. Bí mo ṣe ń ṣe níbi iṣẹ́ ni mo ṣe ń bi í léèrè. Níbo ni àwọn aláboyún ń sùn? Lórí ẹní ni. Bí òjò bá rọ̀ ńkọ́?

“A ó máa ká ẹní kiri, láti igun kan sí òmíràn. Obìnrin á máa rọbí káàkiri ilé, bí adìyẹ tó ń wá ibi tó máa yé sí.”

Mo mọ ọ̀rọ̀ tó dára bí mo bá gbọ́ ọ. Mo fi adìyẹ náà sínú lẹ́tà gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́. Nígbà tí mo parí, mo ka gbogbo rẹ̀ sí i létí ní Yorùbá. Ó wo ìwé náà.

“Gbogbo èyí lo kọ?”

“Ohun tí ẹ sọ ni, màmá.”

“Ìwọ ni mo sọ ọ́ fún. Ọmọ wa ni ọ́. N ò sọ ọ́ fún àlejò.”

“Màmá, ẹni tó ń wá ìwòsàn kì í fi egbò pamọ́.”

“Oníṣègùn là ń fi egbò hàn,” ó ní. “Àlejò là ń fún lómi.”

Mo ní ọ̀rọ̀ yẹn dùn o, mo tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ mi. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, n kò gbọ́ ọ. Ó tẹ̀ka sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà láìwo ojú mi.

Ọ́fíìsì àwọn aláàánú náà wà nínú ilé alájà kan tí ọkọ̀ òfuurufú máa ń gbọn fèrèsé rẹ̀ bó bá ń gbéra. Òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì lójú wa. Nígbà tó dé ibi adìyẹ, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó fi ṣẹ́ẹ̀tì nù ún. Ó ní bí òun bá lọ tí òun fi ojú ara òun rí i, páànù tuntun, bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà àti ilé kékeré kan fún agbẹ̀bí kò ní ṣòro. Ó dá Ọjọ́bọ̀ kan fún wa, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

“Bá mi sọ fún ìyá,” ó ní, “kí wọ́n má ṣe wàhálà kankan nítorí mi. Kí wọ́n jẹ́ kí ibẹ̀ wà bó ṣe wà.”

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ìyá Ẹgbẹ́ rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti wọ Èkó.

“Ẹ wo ọmọlúàbí. Ẹni tó ní ká má ṣe wàhálà gan-an là ń ṣe é fún.”

Òyìnbó bi mí pé kí ló sọ. Mo ní ó ń dúpẹ́ ni.

Ó yẹ kí n bá wọn lọ. Mo ti tọrọ àyè lọ́wọ́ olóòtú, ó sì ti gbà. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ náà ló ránṣẹ́ pé kí n lọ sí Àpápá, pé ọkọ̀ tó kó sìmẹ́ǹtì wá ti kún ojú òkun, wọn kò rí ibi já ẹrù sí. Mo lo ọjọ́ náà nínú ọkọ̀ kékeré kan tó ń fì lórí omi, mo ń wo ọkọ̀ ńláńlá tó tò títí ojú kò fi tó wọn mọ́, sìmẹ́ǹtì tí a lè fi ṣe ilẹ̀ ilé ìgbẹ̀bí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ń di òkúta nínú wọn. Nítorí náà, ohun tí mo mọ̀ nípa ọjọ́ yẹn, ẹnu àwọn tó wà níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ.

Awakọ̀ ló kọ́kọ́ sọ tirẹ̀, pẹ̀lú ike omi lọ́wọ́. “Bí a ṣe wọlé, mo ní ṣé a ò ṣìnà báyìí? Ilé funfun báláú! Bẹ́ẹ̀dì onírin mẹ́fà, aṣọ funfun lórí wọn, ìgò oògùn tò bí ọmọ ilé ìwé tó fẹ́ kọrin. Àtùpà gáàsì ńlá kan rọ̀ láàárín ilé. Ọ̀gá mi mú lẹ́tà yín jáde. Ó wo lẹ́tà, ó wo bẹ́ẹ̀dì, ó tún wo lẹ́tà. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé iyán wá.”

Ọ̀dọ̀ agbẹ̀bí ni mo ti wá gbọ́ ibi tí nǹkan náà ti wá.

“Ọ̀dọ̀ olùkọ́ àgbà ni wọ́n ti gbé bẹ́ẹ̀dì kan, ẹ̀gbọ́n. Méjì jẹ́ ti àwọn ìyàwó tuntun. Aṣọ pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì ni aṣọ funfun yẹn, wọ́n yí ibi àgbélébùú rẹ̀ sísàlẹ̀. Oníkẹ́míìsì ìlú kejì ló ni àwọn ìgò. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ní gbogbo ìgbà tí òyìnbó fi wà níbẹ̀, ó ń ṣọ́ ọjà rẹ̀.”

“Ọ̀dà tí wọ́n fi kun ilé ńkọ́?”

“Àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Ọ̀ṣòdì ló fi ránṣẹ́.”

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹgbẹ́ tí kò lè fún wọn ní bẹ́ẹ̀dì kan dá owó ọ̀dà jọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Mo bi alága wọn nígbà tó yá. Ọ̀rọ̀ náà yà á lẹ́nu. “Ṣé ká jẹ́ kí òyìnbó fi ìlú wa ṣe yẹ̀yẹ́ ni?”

Òrùlé tó ń jò kò tú àṣírí wọn, nítorí ẹ̀ẹ̀rùn ni.

“Aláboyún mẹ́rin ló wà nílé lọ́jọ́ yẹn,” agbẹ̀bí ń bá ọ̀rọ̀ lọ. “Láti àárọ̀ ni wọ́n ti kó wọn lọ sí ẹ̀yìnkùlé baálé, kí wọ́n má baà rún aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì. Òyìnbó ní àwọn aláboyún dà? Ìyá Ẹgbẹ́ ní gbogbo wọn ti sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀. Ta ló máa já màmá nírọ́ níwájú àlejò?”

“Ẹ̀yin ńkọ́?”

“Èmi? Ó ní òun fẹ́ rí yàrá mi. Wọ́n mú un lọ sí yàrá ọmọ baálé. Wọ́n ti gbá a, wọ́n ti tẹ́ ẹ. Mo dúró sáàárín yàrá onílẹ̀kùn, mo ń rẹ́rìn-ín bí onílé.”

Wọ́n di iṣu méjìlá sínú búùtù, wọ́n sì so àgbò náà mọ́ ọn. Ọ̀kan nínú àwọn àgbò tí wọ́n ń sìn fún ọdún iléyá ni. Kí mọ́tò tó kọjá afárá, wọ́n ti ń gbé bẹ́ẹ̀dì padà. Kí oòrùn tó wọ̀, ọ̀kan nínú àwọn aláboyún mẹ́rin náà ti bímọ, lórí ẹní.

Lẹ́tà òyìnbó kò pẹ́ kó tó dé. Ojú ìwé kan péré ni. Ó ní ilé ìgbẹ̀bí náà mọ́ tónítóní, ó sì ní gbogbo ohun tó yẹ. Pé ohun tí àwọn rí kò bá ohun tí àwọn kà mu, àwọn yóò sì fi ìrànlọ́wọ́ náà ṣọwọ́ síbi tí àìní gbé pọ̀ jù. Mo wọ bàtà, mo gba Àjàó Estate lọ.

“Èwo ni irọ́?” ó bi mí. “Lẹ́tà yín ni, àbí ilé náà?”

“Ilé náà ni. Wọ́n yá gbogbo rẹ̀ ni.”

“A jẹ́ pé wọ́n tàn mí.”

“Wọn ò tàn yín. Wọ́n pọ́n yín lé ni.”

Ó ronú sí i. N kò ní purọ́ mọ́ ọn, ó gbìyànjú láti lóye. “Kí n tó lọ rárá,” ó ní, “wọ́n ti ń bi mí láti ilé wa lókè òkun pé kí ni à ń ṣe ní orílẹ̀-èdè tó ní epo. Ilé ìgbẹ̀bí yín ni mo fẹ́ fi dá wọn lóhùn. Mo dé ibẹ̀, wọ́n fún mi ní àgbò.”

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó tún lọ, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní ìwé ti kúrò lọ́wọ́ òun. Bí mo ṣe ń jáde, mo gbọ́ ohùn àgbò náà lẹ́yìn ilé. Wọ́n so ó mọ́ igi máńgòrò. Ẹnikẹ́ni kò tíì mọ ohun tí wọ́n máa fi ṣe.

N kò sọ fún Ìyá Ẹgbẹ́ pé àpọ́nlé wọn ló bà á jẹ́. Mo kọ̀wé sí i pé òyìnbó ní owó ti tán. Mo kọ lẹ́tà mìíràn, mo pín in fún àwọn ilé iṣẹ́ tó wà láti Ọ̀ṣòdì dé Ìsọlọ̀. Ọ̀kan tó ń hun aṣọ pè mí, wọ́n mú mi wọ yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́ bí ọ̀yẹ́, wọ́n sì fún mi ní kàlẹ́ńdà méjìlá. Àwòrán ọmọ ọwọ́ tó sanra wà lára rẹ̀. Mo fi ránṣẹ́ sílé. Mo gbọ́ pé wọ́n kọ́ ọ̀kan sára ògiri funfun náà.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, agbẹ̀bí di ẹrù rẹ̀. Ó rí iṣẹ́ ní yàrá ìtọ́jú ilé iṣẹ́ kan ní Ìsọlọ̀, ó sì háyà yàrá ní Èjìgbò. Ọ̀nà ibi iṣẹ́ la ti pàdé, ibẹ̀ ló ti sọ ìtàn ọjọ́ náà fún mi. Mo bi í bí iṣẹ́ ṣe rí.

“Ọwọ́ tí ẹ̀rọ gé ni mò ń dì báyìí, ẹ̀gbọ́n. N ò tíì gbọ́ igbe ọmọ láti ìgbà tí mo ti dé. Ṣùgbọ́n yàrá mi ní ilẹ̀kùn. Ó ní kọ́kọ́rọ́ méjì.”

Ìgbà tí òjò ń parí lọ ni Ìyá Ẹgbẹ́ ránṣẹ́ sí mi pé àbíkẹ́yìn òun lóyún, ó ku oṣù kan, òun sì ń gbé e bọ̀ wá sí Ìsọlọ̀ kó lè bímọ lọ́wọ́ agbẹ̀bí wa. Agbẹ̀bí gba àyè níbi iṣẹ́. Àwa méjèèjì lọ dúró ní ibùdó rélùwéè ní Ọ̀ṣòdì láti àárọ̀. Ọkọ̀ tó yẹ kó dé kí oòrùn tó mú, ọ̀sán ti gbó kó tó dé.

Obìnrin aláta kan tó wà nínú ọkọ̀ náà ló sọ fún mi, ó sì ń sọ ọ́ kíákíá bí ẹni tó fẹ́ sọ ẹrù kalẹ̀. “A ti kọjá Abẹ́òkúta ni ìrọbí mú ọmọbìnrin yẹn. Wọ́n dá wa dúró sínú igbó, wọ́n ní ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù ń bọ̀, kó kọjá ná. A fi aṣọ ká a mọ́. Omi ò sí, abẹ ò sí. Ìyá rẹ̀ ń sọ pé kó rọra, pé Ọ̀ṣòdì ti dé. Ọ̀ṣòdì ò dé. Ọmọ yẹn ò ké, ọmọ mi. Gbogbo wa dákẹ́ ká lè gbọ́ ọ, kò ké.”

Agbẹ̀bí ti gun inú ọkọ̀ náà kó tó dúró tán. Ó gbé ọmọbìnrin náà lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì rí ẹ̀mí rẹ̀ gbà. Mo mú Ìyá Ẹgbẹ́ lọ sílé.

Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì mi, níbi tó ti jókòó lọ́jọ́ lẹ́tà. Gírámafóònù akọ̀wé ìjọba ń dún lẹ́nu ọ̀nà. Mo jáde lọ bẹ̀ ẹ́ kó pa á, ó pa á. Nígbà tí mo padà wọlé, Ìyá Ẹgbẹ́ gbé ojú sókè.

“Ọmọ mi, jẹ́ kí n bi ọ́ ní nǹkan kan. Òyìnbó yẹn.”

“Ẹ máa wí, màmá.”

“Lọ́jọ́ tó wá, tó wọlé, tó wò yíká. Ṣé ilé wa mọ́ lójú rẹ̀?”

Lẹ́tà òyìnbó wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ mi, lábẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

“Ó mọ́, màmá,” mo ní. “Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó mọ́ tónítóní.”

Ó mi orí. Lẹ́yìn náà ló ní kí n lọ pọn omi wá, pé agbẹ̀bí máa tó dé láti ilé ìwòsàn, kò sì dára kí àlejò bá wa láìsí omi nílé.